Ọsibítù Tó Sún Mọ́ Ilé

Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná àwọn òbí ìyàwó mi, èèyàn lè rí òrùlé ọsibítù ìlú wọn. Ìlú kékeré ni, ní apá ìlà oòrùn Jámánì. Ọsibítù yẹn ni wọ́n bí ìyàwó mi sí. Ibẹ̀ ni wọ́n sáré gbé bàbá rẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n já bọ́ lórí àkàbà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ya fọ́tò àyà wọn níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, tí wọ́n rí kinní kan tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni. Wọ́n bá a ní kékeré, kò tíì tàn ká, dọ́kítà sì ní tí wọ́n bá tètè gé ìpín ẹ̀dọ̀fóró tó wà nínú rẹ̀ kúrò, ó ṣeé ṣe kó tán síbẹ̀. Ìgbà tí ọkàn wa ń balẹ̀ díẹ̀ ló fi gbólóhùn kejì kún un: "Ṣùgbọ́n a ò lè ṣe é níbí mọ́."

Ẹni tó bá mọ bàbá ìyàwó mi á gbà pé gbólóhùn kejì yẹn dùn wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, sìgá ni wọ́n sì fi ń lé oorun lọ lójú títì. Ní ti jẹjẹrẹ, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń retí ẹ̀, wọn ò kàn dárúkọ ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí èèyàn ní kí wọ́n fi ọsibítù tí wọ́n ń rí láti ilé ìdáná sílẹ̀, kí wọ́n lọ sí òmíràn tó jìnnà tó kìlómítà 90, ìyẹn ni wọn ò lè gbé mì. Màmá ò mọ ọkọ̀ wà. Ta ló máa wá kí wọn? "Ṣé wọ́n ti gbàgbé iṣẹ́ wọn ni?" ni wọ́n ń bi wá, bíi pé àwa la ṣòfin.

Òfin ni lóòótọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní G-BA, tó ń pinnu ohun tí owó ìlera gbogboogbò máa san fún ní Jámánì, fi iye kan lélẹ̀: ọsibítù tó bá fẹ́ máa ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró gbọ́dọ̀ máa ṣe 75 lọ́dún, ó kéré tán. Wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn: 40 ni fún ọdún 2024, kó tó wá di 75 ní 2025. Ọsibítù tí kò bá dé iye yẹn, owó ìlera ò ní san kọ́bọ̀ fún iṣẹ́ abẹ náà. Wọn ò ní kí ọsibítù ti ilẹ̀kùn. Ó ṣì lè máa gba ẹ̀bí, ó ṣì lè máa to egungun. Ẹ̀dọ̀fóró ni kó má fọwọ́ kàn.

Ni ìyàwó mi bá ní, "Ìwọ lo mọ kọ̀ǹpútà, bá wa wò ó." Nílé wa náà, ẹni tó bá ti kàwé kọ̀ǹpútà ló máa tún tẹlifísọ̀n ṣe, òun náà ló sì yẹ kó mọ ìdí tí iná ò fi wá. Mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn nígbà tí mo wọkọ̀ òfuurufú. Mo jókòó tì í fún alẹ́ mẹ́ta.

Mo rí i pé àríyànjiyàn yìí ti pẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ní 1979, Harold Luft àti àwọn méjì mìíràn ní Amẹ́ríkà kó àkọsílẹ̀ ọsibítù 1,498 jọ, wọ́n wo oríṣi iṣẹ́ abẹ 12, wọ́n sì rí i pé fún àwọn kan nínú èyí tó le, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é léraléra ni ikú ti kéré. Ní 2001, Peter Bach àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wo jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró gan-an: aláìsàn 2,118 ní ọsibítù 76. Ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe é jù, èèyàn 3 nínú 100 ló kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ní àwọn ibi tó kéré jù, 6 ni. Àwọn tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, 20 nínú 100 lápá kan, 44 lápá kejì. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 44 nínú 100 àwọn tó lọ sí ibi ńlá ṣì wà láàyè. Àwọn tó lọ sí ibi kékeré, 33.

Mo ka ìyẹn lálẹ́ ọjọ́ kìíní, mo ní ọ̀rọ̀ ti parí. Mi ò mọ̀ pé mi ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tó fà á. Èrò tó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé ọwọ́ dọ́kítà ni: iṣẹ́ tó ti mọ́ èèyàn lọ́wọ́ kì í ṣe bákan náà pẹ̀lú èyí tí èèyàn ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan wà tó jáde ní 2009, tí Amir Ghaferi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí aláìsàn 84,730. Iṣẹ́ abẹ oríṣiríṣi ni wọ́n wò, kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí ló ṣí mi lójú jù. Ọsibítù tí èèyàn ti ń kú jù àti èyí tí èèyàn ti ń kú kéré jù, ìṣòro tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú àwọn méjèèjì. Ohun tó yàtọ̀ ni pé tí ìṣòro ńlá bá ti ṣẹlẹ̀, lápá kan, 21.4 nínú 100 ló ń kú sí i. Lápá kejì, 12.5. Ìyẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ máa ń dà níbi gbogbo. Ẹni tó tètè rí i tó ń dà ni ọ̀ràn wà.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ sọ́fítíwíà rí á mọ ibi tí mò ń lọ. Kò sí ilé iṣẹ́ tí kóòdù wọn kì í dàrú. Mo ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gbé kóòdù tuntun jáde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́, mo sì ti ṣiṣẹ́ níbi tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni. Àwọn méjèèjì máa ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n níbi àkọ́kọ́, tí nǹkan bá dàrú ní aago méjì òru, ẹnì kan wà tí fóònù máa dún lórí ẹ̀, ó ti rí irú ẹ̀ rí, ó mọ bọ́tìnì tó máa tẹ̀. Níbi kejì, a máa kọ́kọ́ wá ẹni tó mọ password. Àṣírí ńlá tó wà nínú iṣẹ́ wa nìyẹn: ọgbọ́n ẹni tó kọ kóòdù kì í fi bẹ́ẹ̀ gbani ní òru.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó ń gé e ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ìrìn-àjò yẹn ṣì kù lẹ́yìn tó bá ti bọ́wọ́ kúrò. Afẹ́fẹ́ lè máa jò níbi tí wọ́n ti gé e. Ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù ṣégeṣège. Òtútù àyà lè wọlé tí aláìsàn ò bá lè wúkọ́ dáadáa nítorí ìrora, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wà tó máa jókòó tì í, tó máa kọ́ ọ bí a ṣe ń wúkọ́. Nọ́ọ̀sì tó ti rí igba irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ máa ń mọ̀ kí ẹ̀rọ tó ké. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé kí wọ́n máa bi dọ́kítà nìkan ní iye tó ti ṣe. Kí wọ́n bi ilé gbogbo.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì ni ọkàn mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ti ọsibítù kékeré. Yorùbá ní bí wọ́n gúnyán nínú ewé, tí wọ́n sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Kì í ṣe gbogbo ibi kékeré ló burú. Ìpíndọ́gba ni nọ́ńbà wọ̀nyẹn; ìpíndọ́gba ò sì sọ nǹkan kan nípa ọsibítù kan pàtó tí mò ń wo òrùlé ẹ̀ láti ilé ìdáná. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ló dára jù ní gbogbo Jámánì. Báwo la ṣe máa mọ̀?

A ò lè mọ̀. Ibí ni ìṣirò ti wá korò. Ẹ jẹ́ ká ní ọsibítù kan ń ṣe mẹ́wàá lọ́dún, ó sì dára gan-an, tó fi jẹ́ pé ewu ikú ibẹ̀ lóòótọ́ jẹ́ 3 nínú 100. Tí a bá kó ọgọ́rùn-ún irú ọsibítù bẹ́ẹ̀ jọ, bíi 74 nínú wọn ni ẹnikẹ́ni ò ní kú sí lọ́dún yẹn. Ó dáa. Ẹ wá jẹ́ ká ní òmíràn wà tí ewu ibẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, 6 nínú 100. Bíi 54 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ẹnikẹ́ni ò ní kú sí, àwọn náà. Àwọn méjèèjì máa dìde, wọ́n á ní, "Ẹnikẹ́ni ò kú lọ́dọ̀ wa lọ́dún yìí o," òótọ́ ni àwọn méjèèjì sì máa sọ. Ó dà bí ìgbà tí ẹni tó ń kọ kóòdù bá ní ó ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà òun.

Nítorí náà, ẹ̀sùn tí a lè fi kan ọsibítù kékeré kì í ṣe pé ó burú. Ẹ̀sùn náà ni pé kò lè fi hàn pé òun dára. Ṣé ó tọ́ ká gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan torí ohun tí kò lè jẹ́rìí sí? Ní kóòtù, kò tọ́. Ẹni tí a ò rí ẹ̀rí lòdì sí, a máa ń dá a sílẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó rí ohun tó ń dà mí láàmú nínú àfiwé yẹn: ọsibítù kọ́ ló wà nínú àpótí ẹlẹ́jọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fi í sẹ́wọ̀n. Ara ẹlòmíràn la fẹ́ fi lé e lọ́wọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ gba ara ẹlòmíràn, òun ló yẹ kó mú ẹ̀rí wá.

Síbẹ̀ kíkéré kì í ṣe àwáwí láti má kọ nǹkan sílẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní Boston, Ernest Codman. Ó dá ọsibítù kékeré tirẹ̀ sílẹ̀ torí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ ìbéèrè tó ń bi wọ́n: kí ló ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn yín lẹ́yìn tó délé? Láàárín 1911 sí 1916, aláìsàn 337 ló kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ka àṣìṣe 123, ó tẹ̀ wọ́n jáde fún gbogbo ayé rí. Ẹ ronú sí ìyẹn ná. Tí gbogbo ọsibítù kékeré bá ń ṣe bíi Codman, bóyá a ò bá má nílò nọ́ńbà 75 rárá. Ó kú ní 1940, wọn ò sì gbé òkúta kankan sórí sàréè rẹ̀ nígbà náà.

Nọ́ńbà 75 náà ní ìṣòro tiẹ̀, ẹ má rò pé mi ò rí i. Tí ọsibítù kan bá ti ṣe 71 nígbà tó bá di oṣù Kọkànlá, tí àgbàlagbà kan wọlé tí kò dájú pé ó yẹ ká gé e, ẹ̀yin ẹ rò ó wò. Àwa tá a ń ṣe sọ́fítíwíà mọ̀ pé ohun tí ọ̀gá bá ń kà lohun tó máa pọ̀. Luft fúnra rẹ̀ tún béèrè nígbà tó yá bóyá iṣẹ́ púpọ̀ ló ń sọ ọsibítù di rere, àbí torí pé ó dára ni èèyàn ṣe ń wọ́ lọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ti èkejì, a lè kó gbogbo aláìsàn jọ sójú kan, kí nǹkan kan má yí padà àyàfi owó ọkọ̀.

Ìyá mi pè láti Ògbómọ̀ṣọ́ lákòókò yẹn. Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n ní, "Kìlómítà 90 náà ni wọ́n ń sunkún lé?" Fún tiwọn, kí èèyàn gbéra láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí UCH n'Ìbàdàn kì í ṣe ìròyìn. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn gbé mi síbòmíràn. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin ọdún 1933, ní ìlú St. Louis, Evarts Graham yọ odindi ẹ̀dọ̀fóró kan lára dọ́kítà ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ James Gilmore, torí jẹjẹrẹ. Kò sẹ́ni tó ṣe é rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ kí aláìsàn tó ní jẹjẹrẹ yè é. Iye tí Graham ti ṣe tẹ́lẹ̀: òdo. Gilmore yè, ó sì pẹ́ láyé ju Graham lọ; jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa Graham fúnra rẹ̀ ní 1957, lẹ́yìn tó ti wà lára àwọn tó fi hàn pé sìgá ló ń fà á. Ṣé Graham ṣe ohun tí kò tọ́? Rárá, torí kò síbi tó dára jù tí Gilmore lè lọ. Ohun tó jẹ́ kí ọwọ́ àìmọ̀ọ́ṣe jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tàbí ìgboyà ni ohun tó wà ní kìlómítà 90. Télọ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ ní àkísà tó lè fi kọ́ ọ. Dọ́kítà tó bá máa bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ abẹ yìí ní ìpínlẹ̀ tí kò tíì sí nílé wa, ó sún mọ́ Graham ju ọsibítù ìlú àna mi lọ, mi ò sì ní fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mú nọ́ńbà 75 lọ bá a.

Ó kù kí n sọ ohun tí mo ṣe.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, mo rí ìwádìí méjì mìíràn. Ọ̀kan jáde ní 2002, John Birkmeyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lórí iṣẹ́ abẹ bíi mílíọ̀nù 2.5 ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ya nǹkan méjì tí mo ti ń dà pọ̀ sọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ odindi ẹ̀dọ̀fóró kan ni wọ́n fẹ́ yọ, ìyàtọ̀ ikú láàárín ibi tó kéré jù àti ibi tó ń ṣe é jù ju 5 nínú 100 lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìpín kan péré ni, ìyàtọ̀ náà kò tó 2. Ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún ní ìpín mẹ́ta, ti òsì ní méjì. Ìpín kan ni wọ́n fẹ́ gé lára bàbá ìyàwó mi.

Èkejì jẹ́ ti 1999. Wọ́n bi ọgọ́rùn-ún aláìsàn ní Amẹ́ríkà léèrè pé tí wọ́n bá ní jẹjẹrẹ tó nílò iṣẹ́ abẹ ńlá, ibo ni wọ́n máa lọ. Tí ewu ikú bá jẹ́ 3 nínú 100 ní ọsibítù ìtòsí àti ní ti ọ̀nà jíjìn, gbogbo wọn ní ìtòsí. Tí ti ìtòsí bá wá jẹ́ 6, ìyẹn ìlọ́po méjì, 45 ṣì ní ìtòsí làwọn máa lọ. Tó bá jẹ́ 12, 23 ò kúrò. Kì í ṣe pé wọn ò mọ ìṣirò o. Wọ́n ń ra nǹkan kan pẹ̀lú ewu yẹn: ojú tí wọ́n mọ̀, ìyàwó tó máa gbé ọbẹ̀ wá nírọ̀lẹ́, fèrèsé tí wọ́n lè rí òrùlé ilé ara wọn láti ibẹ̀. Ta ni èmi tí mo máa sọ pé ohun tí wọ́n rà wọ́n jù?

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a jókòó sídìí kọfí. Bàbá ní, "Ó yá, kí ni kọ̀ǹpútà sọ?" Mo sọ fún wọn pé lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 44 wà láàyè lápá kan, 33 lápá kejì. Mo sọ fún wọn pé ikú jẹ́ ìlọ́po méjì. Mi ò sọ pé láàárín 1985 sí 1996 ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ àwọn èèyàn yẹn, nígbà tí ọ̀pọ̀ nǹkan ṣì yàtọ̀. Mi ò dárúkọ Birkmeyer. Mi ò sọ "kò tó 2 nínú 100." Mo mú nọ́ńbà tó máa borí, mo fi èyí tó máa jẹ́ kí wọ́n rò ó sílẹ̀. Wọ́n wo ojú fèrèsé fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé nọ́ńbà yẹn ló máa wá jókòó tì mí?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn máa lọ.

Wọ́n lo ọjọ́ mẹ́sàn-án níbẹ̀. Màmá lọ kí wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, rélùwéè méjì àti bọ́ọ̀sì kan ní àlọ, bẹ́ẹ̀ náà ní àbọ̀. Lóru ọjọ́ kẹta ọkàn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lù ṣégeṣège, nọ́ọ̀sì kan rí i kíákíá, wọ́n fún wọn lóògùn, ó rọlẹ̀. Ṣé nọ́ọ̀sì ọsibítù ìlú wọn náà ì bá ti rí i? Ó ṣeé ṣe dáadáa. Ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣe ìwádìí, mo sì kórìíra bí ìdílé ìyàwó mi ṣe ń kí mi kú iṣẹ́ títí dòní.

Ní oṣù tó kọjá ni mo tó sọ fún wọn. Àwa méjèèjì nìkan la wà nílé ìdáná. Mo ṣí ìwádìí náà lórí fóònù, mo fi ìpín kan àti odindi hàn wọ́n, mo sọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Wọ́n fi díngí wọn sójú, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kì í yá wọn lára láti bínú mọ́. Èémí ò pọ̀ tó.

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ nígbà yẹn?"

Mo ní ẹ̀rù bà mí pé wọn ò ní lọ.

Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n bu kọfí tó kù sínú ife wọn. "Bóyá ǹ bá lọ náà," ni wọ́n wí.